Ìbọ̀sẹ̀ Bàbá Lará

Ní àràárọ̀, kí Adétóun tó fa kọ́tìnnì yàrá, ó máa ń bi ọkọ rẹ̀ pé, "Báwo lara?" Ọládiméjì sì gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Ara le." Adétóun ló ṣòfin yẹn. Ọjọ́ tí dókítà sọ fún wọn pé jẹjẹrẹ ti gba gbogbo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, tó sì ti ràn dé ibi tí ọ̀bẹ kò lè dé, dókítà kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí obìnrin náà fi dìde lórí àga, tó ní, "Mi ò gbà á." Dókítà rò pé ó ń fẹ́ kí ẹlòmíràn tún àyẹ̀wò náà ṣe ni. Ó ní kò burú, òun lè júwe dókítà mìíràn fún wọn. Kò yé e. Adétóun kò bá àyẹ̀wò jà. Àìsàn gan-an ni kò gbà, bí èèyàn ṣe ń kọ ẹrù tí wọ́n ṣì gbé wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì náà wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táyà, kò jìnnà sí Mount Hope, àdúgbò tí wọ́n ń gbé nílùú òyìnbó. Pásítọ̀ máa ń sọ pé ohun tí ojú ń rí kọ́ ni òótọ́, ohun tí ìgbàgbọ́ rí ni òótọ́. Pé ohun tí ẹnu bá sọ ni ara máa gbọ́. Pé àìsàn tí èèyàn kò bá gbà kò níbi tó máa dúró sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ó dùn débi pé kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Adétóun gbé e délé bí ẹni gbé oúnjẹ gbígbóná, ó sì ń fi í bọ́ ọkọ rẹ̀ ní àárọ̀ àti ní alẹ́.

Ọládiméjì ní tirẹ̀, súpà ni. Òun ló ń tọ́jú ilé alájà márùn-ún tí wọ́n ń gbé: páìpù tó bá ń jò, hítà tó bá kọ̀ tí kò gbóná, ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ bá há sí. Ó ní ìtàn kan tó máa ń fi pa Adétóun lẹ́rìn-ín. Obìnrin kan wà ní àjà kẹta tí ilẹ̀ bálùwẹ̀ rẹ̀ ń rin. Dípò kó pe súpà, ó ra kápẹ́ẹ̀tì kékeré, ó fi bò ó. Nígbà tí ìyẹn náà rin, ó ra òmíràn lé e. Ọjọ́ tí Ọládiméjì máa wọlé síbẹ̀, òkìtì kápẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ ká kúrò kó tó rí pákó tó ti jẹrà lábẹ́. Obìnrin náà dúró tì í, ó ń sọ pé, "Lánàá, gbígbẹ ló gbẹ o!" Lẹ́yìn tí àìsàn dé, Ọládiméjì tún ìtàn yìí sọ lẹ́ẹ̀kan. Adétóun kò rẹ́rìn-ín. Òun náà kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé Adétóun mọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú nínú ilé wọn ní Castle Hill àti káàkiri, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ó sì ti jókòó ti ọ̀pọ̀ nínú wọn títí èémí fi tán. Ó mọ bí oúnjẹ ṣe máa ń kọ ẹni tó ń lọ. Ó mọ bí imú ṣe máa ń mú ṣóńṣó, tí ọwọ́ á máa wá nǹkan kiri lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó mọ bí àtẹ́lẹsẹ̀ àti orúnkún ṣe máa ń ní àbàwọ́n bí aṣọ tí aró ta sí, tí ara ibẹ̀ á sì tutù. Tó bá ti rí èyí, kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Á pe àwọn ọmọ arúgbó náà: "Ẹ máa bọ̀ lónìí. Ẹ má dúró di òpin ọ̀sẹ̀." Àwọn tó gbọ́ràn máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí. Níbi iṣẹ́, ojú rẹ̀ là kedere. Tó bá ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn ilé tirẹ̀, á di ojú náà.

Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Lará, wà ní yunifásítì ní Buffalo. Ó máa ń fóònù.

"Mọ́mì, Dádì ńkọ́?"

"Ara wọn le. Wọ́n ń sùn ni."

"Kí ló dé tí wọ́n máa ń sùn nígbà gbogbo?"

"Ìwọ kàwé tí o lọ kà."

Àlejò kan ṣoṣo tó ń wọlé tọ Ọládiméjì wá tí kì í kéde ìwòsàn lé e lórí ni Gàníyù, ará Abẹ́òkúta tó ń gbé nísàlẹ̀, tó ń wa takisí. Bó bá ti kírun àsárì tán, á gbé pátákó dráàfù rẹ̀ gòkè wá.

"Súpà, o ò tíì kú?"

"Bí mo bá kú, ta ni yóò tún hítà rẹ ṣe?"

"Hítà tí o ti ń tún ṣe láti ìgbà òtútù tó kọjá! Bó o bá lọ báyìí, ẹni tó bá gba ipò rẹ kò lè bà á jẹ́ jù báyìí lọ. Ta ayò rẹ jàre."

Ẹ̀rín á wá láti inú yàrá. Adétóun á dúró sí kíṣìnì, á máa fetí sí i. Ó pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ó dùn mọ́ ọn, ó sì tún dùn ún, kò mọ èyí tí ì bá mú nínú méjèèjì.

Lọ́jọ́ kan ni ẹ̀rín náà dákẹ́, ó sì gbọ́ tí Gàníyù béèrè pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ pé, "Ṣé ó ń dùn ẹ́ púpọ̀?"

"Ó ń dùn mí, Gàníyù. Ó dà bíi pé wọ́n fi sípánà dì mí nínú, wọn kò sì tú u."

"Pẹ̀lẹ́."

"Ẹ̀rù sì ń bà mí."

"Ó yẹ kó bà ẹ́. Ẹ̀rù ń ba èmi náà fún ẹ."

Adétóun jáde ti òun ti síbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ máa lọ. Mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ikú nínú ilé mi."

Gàníyù wò ó. "Ìyá Lará, èmi kọ́ ni mo mú un wá. Mo bá a níbí ni."

"Kí lẹ bá níbí? Ẹ sọ ọ́! Kí lẹ bá?"

Gàníyù yíjú sí Ọládiméjì, bí ẹni ń tọrọ àyè. Ọládiméjì mi orí pé rárá. Ọkùnrin náà kó ọmọ dráàfù rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá, ó dìde. "Ó dàbọ̀, súpà."

Láti ọjọ́ náà, bó bá kan ilẹ̀kùn, Adétóun á dáhùn láti inú ilé pé wọ́n ń sùn. Ó wá, ó tún wá. Wọ́n ń sùn. Ní yàrá, Ọládiméjì á la ojú sílẹ̀, á máa gbọ́.

Ọjọ́ kan, lọ́sàn-án, yìnyín ń já bọ́ lójú fèrèsé. Adétóun gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá sídìí ibùsùn láti fọ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ó ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi.

Àbàwọ́n aró náà ti wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀, ó gun ọrùn ẹsẹ̀.

Ọládiméjì ń wò ó. "Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

Ó nu ẹsẹ̀ náà gbẹ. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ìbọ̀sẹ̀ dúdú kan tó nípọn tó rà ní Fordham Road, ó wọ̀ ọ́ fún un, ó fà á títí dé orúnkún. "Òtútù ló mú yín," ó ní.

"Jókòó, Adétóun."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ da omi yìí nù."

"Dà á nù, kó o padà wá jókòó. Mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀. Kò gùn."

Ó da omi náà nù, ó padà wá, àmọ́ kò jókòó. Ó dúró létí ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára férémù. "Bàbá Lará, ṣé ọ̀rọ̀ ìyè ni?"

"Ọ̀rọ̀ tèmi ni. Mi ò fẹ́ kí o máa rò pé, bí mo bá ti—"

"Mi ò gbà á!"

"Adétóun."

"Mi ò gbà á lórúkọ Jésù! Ẹ ò ní kú! Ẹ máa yè ni!" Ó ti gbé ohùn sókè, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń rìn káàkiri inú yàrá kékeré náà, ó ń pe ẹ̀dọ̀ lẹ́jọ́, ó ń pa á láṣẹ fún ẹ̀jẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ rẹ̀ bá la ẹnu, á tún pariwo sí i. Ó gbàdúrà náà títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó máa fi sinmi, Ọládiméjì ti pa ẹnu dé, ó sì ti yíjú sí ògiri.

"Kò burú," ọkùnrin náà ní.

"Báwo lara?"

"Ara le."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó bá a sọ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, Adétóun fa kọ́tìnnì, ó bi í, kò dáhùn. Ó mi apá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣí díẹ̀, kò wo ibì kankan.

Nọ́ọ̀sì tí dókítà máa ń rán wá bẹ àwọn tí wọn kò lè wò sàn mọ́ wò nínú ilé, ará Jàmáíkà kan tó ń jẹ́ Sharon, dé ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá. Òun àti Adétóun mọ ara wọn, wọ́n ti jọ pàdé rí nílé màmá arúgbó kan ní Castle Hill. Sharon gbọ́ èémí, ó fọwọ́ kan iwájú orí, ó wá sídìí ẹsẹ̀, ó sì rọra bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún. Ó dúró, ó ń wò ó. Ó tún bọ́ ti òsì.

"Ta ló wọ èyí fún un?"

"Èmi ni."

"Nígbà wo?"

"Lánàá."

Sharon ká ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó gbé wọn lé orí hítà. Kò fi ohùn líle bá a sọ̀rọ̀. Bóyá ká ní ó fi ohùn líle sọ̀rọ̀, ì bá sàn díẹ̀. "Adétóun, ìwọ lo pe àwọn ọmọ màmá Castle Hill níjọ́sí pé kí wọ́n tètè máa bọ̀."

"Èmi ni."

"Ta ló ti pe ọmọ tìẹ?"

Adétóun béèrè bóyá ọkọ òun ń gbọ́ wọn. Sharon ní wọ́n máa ń sọ pé etí ló máa ń gbẹ̀yìn. "Èmi kò mọ̀. Àwọn tó lọ kì í padà wá sọ. Ṣùgbọ́n bá a sọ̀rọ̀."

Adétóun pe Lará, ó sọ gbólóhùn kan péré: "Máa bọ̀ nísinsìnyí." Ó gbọ́ tí nǹkan já bọ́ nínú fóònù, ó sì gé e kó tó di pé ọmọ náà béèrè ohunkóhun. Sharon lọ. Ilé ṣófo. Ó fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó jókòó.

"Mo ti jókòó," ó ní.

Hítà ń kàn kó, kó, kó nínú ògiri, bó ṣe máa ń ṣe.

"Bàbá Lará, mo ti jókòó o. Mo rí ẹsẹ̀ yín lánàá. Irọ́ ni mo pa, mo rí i. Ẹ ń kú lọ." Ahọ́n rẹ̀ wúwo, bí ẹni ń sọ èdè tí kò gbọ́ rí. "Mo gbà á. Ẹ gbọ́? Mo gbà á. Ẹ wá sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ."

Nǹkan hó nínú ọ̀fun Ọládiméjì, bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Adétóun ta dìde, ó gbé etí sí ẹnu rẹ̀. Ó tún hó, ó sì dákẹ́.

Ká ní arúgbó Castle Hill kan ni, tí ọmọ rẹ̀ sì bi í pé, "Ṣé wọ́n dá mi lóhùn ni?", ó mọ ohun tí ì bá sọ. Ì bá sọ pé itọ́ ló ń hó lọ́nà èémí. Báyìí, òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́ kó jẹ́ ìdáhùn. Kò ṣòro. Kó ṣáà sọ pé ìdáhùn ni, kó sì di ẹnu mọ́ ọn, bó ṣe di ẹnu mọ́ gbogbo ìyókù. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ń wo ojú rẹ̀. Bóyá ó wà nínú ibẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò kàn rí ẹnu fèsì. Bóyá ó ti lọ láti àárọ̀, ara nìkan ló ń mí. Ọ̀kan nínú méjèèjì ló jẹ́ òótọ́, ó sì ti jẹ́ òótọ́ kí òun tó fa àga. Kò sí bí òun ṣe lè fi ìgbàgbọ́ ti ọ̀kan sí ipò èkejì. Ohun tó wà níbẹ̀ wà níbẹ̀. Òun ni kò lè wọlé lọ wò ó.

Ó ń pe orúkọ rẹ̀. Kò pé wákàtí kan tó sọ pé òun gbà, èémí náà jáde, òmíràn kò sì tẹ̀ lé e.

Ilẹ̀ ti ṣú kí bọ́ọ̀sì Buffalo tó gbé Lará dé. Ó wọlé ti òun ti báàgì ìwé lẹ́yìn, yìnyín ṣì wà nínú irun rẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀ lórí ibùsùn. Kò kígbe. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó sì fi Yorùbá rẹ̀ tí ohùn rẹ̀ kò ga tí kò relẹ̀ sọ pé, "Mọ́mì, ẹ sọ fún mi pé ara wọn le."

Kò tún sọ ohun mìíràn títí wọ́n fi sìnkú náà, ó sì padà sí Buffalo.

Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kún ilé. Wọ́n gbé ìrẹsì wá, wọ́n gbé àga wá, wọ́n ní kó má sunkún bí ẹni tí kò nírètí. Motúnráyọ̀, ìyàwó pásítọ̀, fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mọ́mì Lará, a ja ìjà yìí dáadáa o. Iyèméjì ló máa ń ba irú rẹ̀ jẹ́. Bóyá ẹnì kan nínú ilé yìí ló gbà fún ikú." Kò fi ibi sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wọn ni. Àmọ́ Adétóun gbé àwo ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnì kan gbà fún ikú. Ó gbà á lóhùn rara, lórí àga, ọkùnrin náà sì kú.

Láti ọjọ́ yẹn, ohun tó ń jẹ ẹ́ nínú nìyẹn. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń wẹ àwọn arúgbó, ó ń wọ tíréènì padà wálé, ó sì ń tún ún rò. Ká ní kò sọ ọ́ ńkọ́?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan tí kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ó lọ, ó ṣí i. Gàníyù ni. Ó dúró sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá wọ́n máa ní kóun wọlé. Pátákó dráàfù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ wọlé, Alhaji. Kò sẹ́ni tó ń sùn."

Ọ̀rọ̀ náà jáde kó tó mọ̀. Gàníyù wọlé, ó jókòó sétí àga. Ó ní, "Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi. Kí ẹ tó lé mi, súpà bẹ̀ mí pé bí òun kò bá rí àyè sọ ọ́ fún yín fúnra òun, kí n bá òun sọ ọ́. Ó ní: 'Sọ fún Adétóun pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kọ́ ló kéré. Jẹjẹrẹ ni. Bó gbà, bí kò gbà, jẹjẹrẹ ni. Kó má gbé ikú mi ru ara rẹ̀.'"

Adétóun wò ó. "Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ ọ́ fún mi?"

"Mo kan ilẹ̀kùn, Ìyá Lará."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó gbé e kúrò, ó ní, "Mo sọ pé mo gbà á. Mo jókòó tì í, mo sọ ọ́, kò pé wákàtí kan tó fi kú."

"Ṣé ọjọ́ yẹn lẹ mọ̀?"

"Rárá. Mo ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Mo rí i, mo fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó."

"Ẹ ò tíì gbà nígbà yẹn."

"Mi ò tíì gbà."

"Ṣé ẹsẹ̀ náà wá dúró dè yín?"

Adétóun yíjú sí hítà. Ìbọ̀sẹ̀ náà ṣì wà lórí hítà níbi tí Sharon gbé e sí, ó ti gbẹ débi pé ó le bí bébà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ náà.

"Alhaji, ṣé ẹ rò pé ó gbọ́ mi?"

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ì bá ti sọ pé ó gbọ́. Gàníyù fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, ó ronú sí i gidi. "Mi ò mọ̀," ó ní. "Mi ò ní parọ́ fún yín. Bó bá gbọ́, ó gbọ́. Bí kò bá gbọ́, kò gbọ́. Èrò tèmi kò lè yí i padà."

Omi ń dà lójú Adétóun, kò nù ún. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí jẹ́. Irú ọ̀rọ̀ ọkọ òun ni, kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan lára rẹ̀. Àmọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n tó, inú rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà dúró síta, ó ń kan ilẹ̀kùn, òun sì wà nínú ilé tí òun kò lè dìde.

"Ẹ tún un sọ," ó ní.

Gàníyù tún un sọ.

"Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ni kí ẹ sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kì í yára bẹ́ẹ̀."

Gàníyù gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.